Ègún Ìran Tàbí Àṣà Ilé? Ẹ Ya Ìdílé Yín Sórí Ìwé Kí Ẹ Tó Lọ Gba Ìdáǹdè

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwa Kristẹni máa ń kó pọ̀, tí a sì máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní ègún ìran. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀bi, ìyẹn ni pé Ọlọ́run ń bá ọmọ wí nítorí ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe. Ìkejì ni àbájáde: bàbá ta ilẹ̀ fi mutí, ọmọ kò rí ilẹ̀ jogún. Ìkẹta ni ìwà àti ọgbẹ́ ọkàn: bí wọ́n ṣe ń bínú nílé, ohun tí wọn kì í sọ síta, bí wọ́n ṣe ń lu ọmọ, títí ọmọ náà fi dàgbà tó wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ọmọ tirẹ̀. Bíbélì sọ̀rọ̀ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ oògùn wọn ò dọ́gba. Ẹni tó bá fi oògùn ọ̀kan wo òmíràn, ó lè gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ á fi há, ilé rẹ̀ á ṣì wà bó ṣe wà.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni Ẹ́kísódù 20:5. Ọ̀rọ̀ náà tún jáde ní Ẹ́kísódù 34:7, Númérì 14:18 àti Diutarónómì 5:9: Ọlọ́run ń bẹ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba wò lára àwọn ọmọ dé ìran kẹta àti ìkẹrin. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníwàásù ti máa ń pa Bíbélì dé. Ní Ẹ́kísódù 20 àti Diutarónómì 5, ẹsẹ náà fi kún un pé “nínú àwọn tí ó kórìíra mi”, èyí tó sì tẹ̀ lé e sọ̀rọ̀ àánú sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Diutarónómì 7:9 tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún ìran ni. Ìran mẹ́rin nìyẹn lápá kan, ẹgbẹ̀rún lápá kejì. Èmi ò mọ bí a ṣe ń ka irú ẹsẹ bẹ́ẹ̀ tí ìbẹ̀rù á fi jẹ́ ohun tí a bá dìde níbẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta àti mẹ́rin? Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ Bíbélì ń ṣe ni pé bàbá àgbà, ọmọ, ọmọ-ọmọ, nígbà mìíràn ọmọ ọmọ-ọmọ pàápàá, ló jọ ń gbé nínú agboolé kan láyé ìgbà náà. Òrìṣà tí olórí ilé bá gbé kalẹ̀, gbogbo wọn ló ń bọ ọ́. Gbèsè tó bá jẹ, gbogbo wọn ló ń san án. Ìran mẹ́rin ni èèyàn lè fojú ara rẹ̀ rí kó tó kú, ibẹ̀ náà sì ni ọwọ́ rẹ̀ lè nà dé.

Ní ti ẹ̀bi, òfin Mósè kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Diutarónómì 24:16 ní a kò gbọdọ̀ pa bàbá nítorí ọmọ, a kò sì gbọdọ̀ pa ọmọ nítorí bàbá. Ọba Amasáyà lo òfin yìí gan-an: ó pa àwọn ìránṣẹ́ tó ṣekú pa bàbá rẹ̀, ó dá àwọn ọmọ wọn sí, Àwọn Ọba Kejì 14:6 sì tọ́ka sí òfin náà pé òun ló fà á.

Lẹ́yìn náà ni a kó àwọn Júù lọ sí ìgbèkùn ní Bábílónì. Òwe kan wà lẹ́nu wọn tí Jeremáyà 31:29 àti Ìsíkíẹ́lì 18:2 kọ sílẹ̀: àwọn baba jẹ èso àjàrà kíkan, eyín sì kan àwọn ọmọ. Ohun tí wọ́n ń fi í sọ ni pé àwọn baba wa ló dá gbèsè, àwa là ń san án, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ọlọ́run ní kí wọ́n má pa òwe náà mọ́. Ìsíkíẹ́lì wá mú ìran mẹ́ta kalẹ̀ bí ẹni ń ro ẹjọ́: bàbá olódodo, ọmọ oníwà ipá, àti ọmọ-ọmọ. Ọmọ-ọmọ yìí ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ẹsẹ 14 ní ó rí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí bàbá rẹ̀ dá, ó rò ó, kò sì ṣe irú rẹ̀. Ẹsẹ 17 ní òun kì yóò kú nítorí àìṣedéédéé bàbá rẹ̀. Wòlíì náà kò sọ pé ó bo bàbá rẹ̀ láṣìírí, kò sì sọ pé ó ń sá kiri. Ó wò ó dáadáa, ó ronú sí i, ó ṣe nǹkan mìíràn. Orí ẹsẹ yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ẹnìkan á ní: Ẹkún Jeremáyà 5:7 ńkọ́, tó ní àwọn baba wa ti ṣẹ̀, wọn kò sí mọ́, àwa là ń ru àìṣedéédéé wọn? Òótọ́ ni. Ìlú ti jóná, ebi ń pa ọmọ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe ohun tó fa ogun. Àbájáde nìyẹn. Orí kan náà, ẹsẹ 16, sì ní “ègbé ni fún wa, nítorí tí àwa ti ṣẹ̀.” Wọn ò ti gbogbo rẹ̀ sí òkú lọ́rùn.

Ibi tí àwọn ìjọ ti yàtọ̀ síra

Gálátíà 3:13 ní Kristi ti rà wá padà kúrò lọ́wọ́ ègún òfin, nígbà tí a fi òun fúnra rẹ̀ ṣe ègún fún wa. Gbogbo ẹ̀ka ìjọ gbà á. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tó kù láti ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ ìdáǹdè ní iṣẹ́ náà ti parí lórí àgbélébùú, àmọ́ onígbàgbọ́ ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ gba ohun tí a ti rà fún un, bí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá láre tó ṣì gbọ́dọ̀ mú ìwé ìdájọ́ lọ gba ilé rẹ̀. Wọ́n á tọ́ka sí Òwe 26:2, pé ègún kì í wá láìnídìí, wọ́n á sì ní kí a wá ìdí náà rí. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ Òwe yẹn, bí ẹ bá kà á látòkèdélẹ̀, ìtùnú ló wà fún: ó fi ègún tí kò nídìí wé ẹyẹ tó ń fò kiri, tí kì í bà lé ẹnikẹ́ni.

Ní ìjọ Kátólíìkì, àwọn kan ti ń ṣe Máàsì fún ìwòsàn ìran látẹ̀yìnwá. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Faransé kìlọ̀ nípa rẹ̀ lọ́dún 2007, ti Poland kà á léèwọ̀ lọ́dún 2015, ti Spéìnì sì sọ̀rọ̀ sí i lọ́dún 2024. Kókó àtakò wọn ni pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnìkan fọwọ́ ara rẹ̀ dá kì í kọjá sórí ẹlòmíràn. Ẹ̀ṣẹ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn jogún lọ́wọ́ Ádámù, nìkan ló ń ti ìran dé ìran, ìrìbọmi sì ti wẹ ìyẹn. Wọn ò sọ pé kí a má gbàdúrà fún òkú tàbí fún ìdílé.

Ní tèmi, ìbéèrè tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Jésù nínú Jòhánù 9 ló tú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, wọ́n ní ta ló ṣẹ̀, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀? Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Pétérù Kìíní 1:18 náà sọ ohun tí a fi ẹ̀jẹ̀ Kristi rà wá kúrò nínú rẹ̀: ìwà asán tí a jogún lọ́wọ́ àwọn baba wa. Ìwà ni ogún tó dárúkọ níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé ègún inú Bíbélì ò ṣeé yí padà. Jákọ́bù ṣépè fún ìbínú Léfì àti Símíónì, ó ní òun yóò tú wọn ká nínú Ísírẹ́lì (Gẹ́nẹ́sísì 49:7). A tú Léfì ká lóòótọ́, sínú ìlú 48, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tó ń sin Ọlọ́run. Diutarónómì 23:3 ti ilẹ̀kùn mọ́ ará Móábù dé ìran kẹwàá. Mátíù 1:5 kọ orúkọ Rúùtù ará Móábù sínú ìran Jésù. Ègún Kénáánì nínú Gẹ́nẹ́sísì 9:25 sì kọ́ wa bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń di ohun ìjà. Kénáánì ni Nóà dárúkọ, wọ́n wá sọ ọ́ di “ègún Hámù”, wọ́n sì fi dá òwò ẹrú láre fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ilé mẹ́ta tó yẹ ká wọ̀

Ilé Jákọ́bù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ísáákì fẹ́ràn Ísọ̀, Rèbékà fẹ́ràn Jákọ́bù. Jákọ́bù wọ ẹ̀wù Ísọ̀, ó fi awọ ọmọ ewúrẹ́ bo ọwọ́ àti ọrùn, ó fi tan bàbá rẹ̀ jẹ. Ọdún gorí ọdún, òun náà fẹ́ràn Jósẹ́fù ju àwọn yòókù lọ, ó dá ẹ̀wù fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ pa ewúrẹ́, wọ́n ti ẹ̀wù náà bọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbé e wá fún bàbá. Ẹ̀wù àti ewúrẹ́ ni òun náà fi tan bàbá tirẹ̀! Kò sí ẹni tó ṣépè fún wọn nínú ìtàn yìí. Wọ́n jogún ojúsàájú àti ẹ̀tàn bí ọmọ ṣe ń jogún ohùn bàbá rẹ̀. Júdà ló wá já okùn yẹn. Òun ló dá a lábàá pé kí wọ́n ta Jósẹ́fù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan Bẹ́ńjámínì, ààyò mìíràn tí bàbá wọn ní, ó ní kí wọ́n mú òun ṣẹrú dípò rẹ̀ (Gẹ́nẹ́sísì 44:33).

Ilé Gídíónì ni a kì í kà tán. Gbogbo ẹni tó ń wàásù lórí pẹpẹ ilé baba ló mọ Àwọn Onídàájọ́ 6: Gídíónì mú ọkùnrin mẹ́wàá, ó lọ lóru, ó wó pẹpẹ Báálì tí bàbá rẹ̀ ní. Ẹ kíyè sí i pé ó fi ọwọ́ wó o ni, kò dúró lókèèrè kó máa pariwo mọ́ ọn. Àmọ́ orí kẹjọ ńkọ́? Lẹ́yìn ìṣẹ́gun, ó gba òrùka wúrà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1,700 ṣékélì, ó tó kílò 19. Ó fi ṣe éfódì, ìyẹn ẹ̀wù bíi ti àlùfáà, ó gbé e sí ìlú rẹ̀, ẹsẹ 27 sì ní ó di ìdẹkùn fún un àti fún ilé rẹ̀. Ó bí ọmọkùnrin 70 láti ara ọ̀pọ̀ ìyàwó. Ábímélékì, ọmọ tí àlè rẹ̀ bí, pa àwọn arákùnrin rẹ̀ lórí òkúta kan, Jótámù àbíkẹ́yìn nìkan ló ráyè sá pamọ́. Ọkùnrin tó wó pẹpẹ bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ èyí tó mú ilé òun. Bí ẹnìkan bá ti gba ìdáǹdè nígbà mẹ́ta lórí ohun tí bàbá àgbà ṣe, ẹ bá mi bi í ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí.

Ẹ̀kẹta ni ilé Dáfídì, Sámúẹ́lì Kejì 13. Ámnónì fipá bá Támárì àbúrò rẹ̀ lò. Ábsálómù ní kó dákẹ́, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Dáfídì gbọ́, ó bínú gidigidi, kò sì ṣe nǹkan kan. Ábsálómù kò bá Ámnónì sọ rere tàbí búburú fún ọdún méjì gbáko, ó wá pa á. Lẹ́yìn náà, orí 14:27, ó bí ọmọbìnrin kan, ó sọ ọ́ ní Támárì. Nátánì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé idà kì yóò kúrò nílé Dáfídì, àmọ́ ẹ wo ọ̀nà tí idà náà gbà wọlé: ìdákẹ́jẹ́ ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀.

Ohun tí dókítà mọ̀ nípa rẹ̀

Lọ́dún 1998, Vincent Felitti àti Robert Anda pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bi àgbàlagbà 9,508 léèrè nípa ìyà tí wọ́n jẹ ní kékeré: lílù, èébú, ìfipábánilòpọ̀, ọtí tàbí oògùn olóró nínú ilé, ìyá tí wọ́n ń lù, ará ilé tó ń ṣàìsàn ọpọlọ, ará ilé tó lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tó yá, wọ́n fi àìkáràmásìkí ọmọ àti ìpínyà òbí kún un, iye àwọn tí wọ́n bi sì ju 17,000 lọ. Ẹni tó ní mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn, ewu pé yóò di ọ̀mùtí, tàbí kó lo oògùn olóró, tàbí kó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tàbí kó gbìyànjú láti para rẹ̀, fi ìlọ́po mẹ́rin sí méjìlá ju ti ẹni tí kò ní ìkankan. Ewu ni, kì í ṣe àyànmọ́. Ọ̀pọ̀ tó ní mẹ́rin ló là á já.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń gbé e kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì pé sáyẹ́ǹsì ti rí ègún nínú DNA. Ìwádìí tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, lórí àwọn Júù tó la ìpakúpa Násì já, ọmọ wọn 22 péré ló wà nínú rẹ̀. Ó kéré jù láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé.

Àìsàn ìdílé tún wà, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwà rárá. Bí ọkọ àti ìyàwó bá jẹ́ AS, gbogbo oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti bí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Gbogbo oyún ni mo wí o. Kì í ṣe pé bí ọ̀kan bá ti ní in, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Àwọn kan lè bí mẹ́ta léra tí gbogbo wọn jẹ́ SS, wọ́n á sì ní ayé ń bá àwọn jà. Àrùn Huntington náà, tí wọ́n rí jíìnì rẹ̀ lọ́dún 1993, ọmọ ẹni tó ní in ní ìdá kan nínú méjì láti jogún rẹ̀, ó sì sábà máa ń fara hàn láàárín ọmọ ọdún 30 sí 50. Ẹ ò rí i bí ó ṣe máa jọ pé ikú ń dá ọjọ́ fún wọn nílé náà?

Bí a ṣe ń ya ìdílé sórí ìwé

Ẹ wá ìwé fẹ̀ǹfẹ̀ kan àti pẹ́ńsùlù, kì í ṣe bírò, torí ẹ ó pa rẹ́. Ìran mẹ́ta ló kéré jù: ẹ̀yin àtàwọn tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá, àwọn òbí yín àtàwọn ọmọ ìyá àti bàbá wọn, àwọn òbí wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Igun mẹ́rin dúró fún ọkùnrin, òbìrìkìtì fún obìnrin. Ẹ fi ìlà so tọkọtaya pọ̀, ìlà wẹ́wẹ́ méjì lórí rẹ̀ bí wọ́n bá kọ ara wọn sílẹ̀. Ẹni tó ti kú, ẹ fi àmì × sínú rẹ̀. Ẹ kọ ọdún ìbí, ọdún ikú, ohun tó pa á àti iṣẹ́ tó ṣe. Oyún tó bàjẹ́ àti ọmọ tó kú ní kékeré, ẹ má fò wọ́n.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi àwọn àgbà ló le jù. “Ta ló ṣépè fún wa?” kì í mú nǹkan gidi jáde, ìfura ló ń mú wá. Ẹ bi wọ́n pé: Ta ni a kì í dárúkọ nílé yìí, kí ló sì fà á? Bí ọmọ bá sunkún, kí ni wọ́n ń ṣe fún un? Bí owó bá wọlé, ta ló ń mọ̀? Ọdún wo ni nǹkan yí padà, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà? Ta ló ń mutí, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ilẹ̀ tí a ń gbé yìí, báwo ló ṣe di tiwa? Ẹni kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí níwájú àwọn yòókù, ohun tí gbogbo wọn ti fẹnu kò sí nìkan lẹ ó gbọ́. Ẹ má lo wákàtí kan tán lórí ìjókòó kan, kí ẹ sì dáwọ́ dúró bí àgbà náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tàbí tó dákẹ́ lójijì.

Bí ìwé náà bá ti kún, ẹ fi àwọ̀ kan sàmì sí ohun kọ̀ọ̀kan tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ibí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń wọlé. Àwọn èèyàn máa ń ka àwọn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí, wọn kì í ka àwọn tí kò ṣẹlẹ̀ sí. Nínú ìdílé ẹni 40, kò sí bí ẹ ò ṣe ní í rí ìyàwó mẹ́ta tó kọ ọkọ àti ọkùnrin méjì tí òwò rẹ̀ wó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé aládùúgbò. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ “mẹ́ta kọ ọkọ”, ẹ kọ iye tó wà nílé ọkọ wọn títí dọjọ́ ikú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní àpẹẹrẹ ibi ló máa ń parẹ́ níbẹ̀. Èyí tó bá kù, ẹ pín in sí mẹ́ta: ohun tó jẹ́ ti ara, tí dókítà gbọ́dọ̀ rí, ohun tó jẹ́ ìwà àti ọgbẹ́, ohun tó jẹ́ gbèsè tàbí ìrẹ́jẹ tí ẹnìkan ṣì ń jìyà rẹ̀ lónìí.

Ohun tó kẹ́yìn yìí kì í sí nínú ètò ìdáǹdè púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú Bíbélì kedere. Nínú Sámúẹ́lì Kejì 21, ìyàn mú fún ọdún mẹ́ta, Ọlọ́run sì sọ fún Dáfídì pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Gíbéónì tí Ṣọ́ọ̀lù ta sílẹ̀ ló fà á. Ohun tó tẹ̀ lé e nínú ìtàn náà le láti kà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fara wé e. Àmọ́ ohun àkọ́kọ́ tí Dáfídì ṣe ni pé ó lọ bá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀, ó ní kí ni kí n ṣe fún yín? Bí bàbá àgbà bá gba ilẹ̀ opó, àwọn ọmọ opó náà ṣì wà láyé. Sákéù dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Àwẹ̀ ọjọ́ 21 kò lè ṣe ohun tí ìwé ilẹ̀ yóò ṣe.

Àdúrà náà àti ohun tó ń bà á jẹ́

Àdúrà kò gùn. Léfítíkù 26:40, Nehemáyà 9:2 àti Dáníẹ́lì 9 ló fi bí a ṣe ń ṣe é hàn: ẹ̀ṣẹ̀ tiwa àti ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba wa, a ó dárúkọ méjèèjì. A kì í tọrọ ìdáríjì fún òkú bí ẹni pé àwa la máa dá a láre. Ohun tí a ń ṣe ni pé a gbà pé ohun tí wọ́n ṣe kò dára, a sì kọ̀ ọ́. Bí àpẹẹrẹ: “Olúwa, bàbá mi máa ń lu ìyá mi, gbogbo wa sì ń pè é ní ìbáwí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Èmi náà ti gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa á mọ́. Dárí jì mí. Mo kọ àṣà yìí sílẹ̀ ní orúkọ Jésù ẹni tí a fi ṣe ègún nítorí mi. Lónìí, èmi yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kó máa bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ń mú kí àdúrà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ohun ìbọ tàbí ìwé májẹ̀mú kan bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fọwọ́ ara yín gbé e kúrò, bí Gídíónì ti ṣe. Èyí tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ má fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ.

Bí a bá ti gbàdúrà náà tán, a ti gbà á nìyẹn. Ẹni tó ń padà wá tú ègún kan náà ká lóṣooṣù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbọ́ nínú ègún ju nínú Kristi lọ. Ìwà tó bá padà yọjú lẹ́yìn oṣù méjì kò fi hàn pé àdúrà kò gbà. Ó fi hàn pé ìwà ni, ìwà sì máa ń gba àkókò. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an kí ìbínú tó dé: ariwo ọmọ, ebi, gbèsè, ẹni tó sọ̀rọ̀ àbùkù. Ẹ pinnu ohun tí ẹ máa ṣe ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kó jẹ́ ohun kékeré tó ṣeé ṣe, bíi jíjáde sí ìta.

Àwọn ohun kan wà tí mi ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí wòlíì bá dárúkọ ẹnìkan nínú ìdílé pé òun ló wà nídìí ọ̀ràn yín, ìyá arúgbó ló sì sábà máa ń jẹ́, ẹ dìde níbẹ̀. Jésù ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nílé afọ́jú yẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dáwọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti wárápá tàbí ti ọpọlọ dúró kí ìdáǹdè lè jẹ́, ẹ má gbọ́. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ láìbi dókítà rẹ̀. Bí wọ́n bá dá owó lé ìtúsílẹ̀, ẹ rántí Géhásì tó gba fàdákà lẹ́yìn ìwòsàn Náámánì. Bí àlá tàbí ìran bá gbé ìrántí kan wá tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé kò mọ̀ rí, ẹ má fi fẹ̀sùn kan ènìyàn.

Ìdáríjì sì tún jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe èèyàn léṣe púpọ̀. Ẹni tí àbúrò bàbá rẹ̀ bá lò pọ̀ ní kékeré lè dárí jì í láìjẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ lọ sùn nílé ọkùnrin náà. Ó lè dárí jì í, kó sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ọlọ́pàá létí. Olùṣọ́-àgùntàn tó bá ní kó dákẹ́ nítorí orúkọ ìdílé ti di Ábsálómù fún Támárì. Bí ẹni náà kò bá lè sùn, tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ń yọ sí i lójú bíi pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, tàbí tó ń ronú ikú, dókítà ọpọlọ tàbí agbaninímọ̀ràn tó kọ́ṣẹ́ náà ló yẹ kó rí, ìjọ á sì máa gbàdúrà fún un.

Ohun rere pẹ̀lú ń ti ìran dé ìran, ó yẹ kó wà lórí ìwé náà. Jeremáyà 35 ni mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀ràn yìí. Jónádábù ọmọ Rékábù, tó gbé láyé ọba Jéhù, sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má mu wáìnì. Ó ju 200 ọdún lọ lẹ́yìn náà tí Jeremáyà gbé ìkòkò wáìnì kalẹ̀ níwájú àtọmọdọ́mọ wọn nínú tẹ́ńpìlì, wọ́n ní àwọn kì í mu, bàbá àwọn ti kọ̀ ọ́. Ọlọ́run yìn wọ́n. Tímótì náà, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ wà nínú Lóísì ìyá ìyá rẹ̀ àti Yúníìsì ìyá rẹ̀. Ẹ mú àwọ̀ mìíràn, kí ẹ fi sàmì sí ẹni tó tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹni tó san gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà, ẹni tó jáwọ́ nínú ọtí. Apá yìí ló tiẹ̀ yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá lọ bá àwọn àgbà: ẹ bi wọ́n ohun tí èèyàn mọ ìyá wọn sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tẹ́rùn, kí ẹ tó bi wọ́n nípa ẹni tí a kì í dárúkọ.